Ohun Tó Ń Mú Kí Iná Ru Nínú Ọkọ̀ Tó Ń Wọ Oko

Lóṣù yìí n kò ní sọ̀rọ̀ nípa èlé, n kò sì ní pe orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé òun kò ní ọkọ̀, pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Owó gbogbo wa la fi ra píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́. Owó gbogbo wa náà la sì ti ń fi tún un ṣe láti ìgbà kòkó tó kọjá, tí a ń tún un ṣe tí kò ṣeé ṣe.

Àwọn tó wà ní ìpàdé gbogbogbòò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Hilux wa tó ń lo dísù kú sí ojú ọ̀nà abà kan lẹ́yìn Ìdànrè, pẹ̀lú àpò kòkó mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀. Dírẹ́bà wa ní bí òun ṣe bọ́ sínú kòtò kan tí àgbàrá gbẹ́ sójú ọ̀nà ni iná iwájú mọ́ yòò bí ẹni pé wọ́n tan òmíràn mọ́ ọn, rédíò dákẹ́, ẹ́ńjìnnì náà sì kú. Òun àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n fi tapólì bo kòkó, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Rewáyà tí a kọ́kọ́ pè ní brain box ló jó, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì nínú àwọn ọkọ̀ òde òní. A ra tòkunbọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò pé tí èkejì fi jó, ó sì pa gílóòbù méjì mọ́ ara rẹ̀. Rewáyà kejì ní alternator ni. A pààrọ̀ alternator. Ẹ̀kẹta tún jó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, inú bí kọmítì. Ẹnì kan ní dírẹ́bà ló ń fi ọkọ̀ ṣájì fóònù fún gbogbo ará abà. Ẹlòmíràn ní ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn níbi òkú kan. A nawọ́, àwọn tó fọwọ́ sí i pọ̀ jù, pé kí a máa yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi san ìdajì owó àtúnṣe. Èmi akọ̀wé yín ni mo kọ lẹ́tà náà, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i.

Kí ni à ń pè ní pé iná ru? Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé nígbà tí iná bá dé lójijì tí agbára rẹ̀ sì ju bó ti yẹ lọ. Gílóòbù á mọ́ rekete, á jó. Fíríìjì á ké lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ iná ọkọ̀ kì í ti orí òpó wá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, nítorí náà inú ọkọ̀ náà la ti gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ṣẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré, volt 12 là ń pè é, ṣùgbọ́n bó bá kún dáadáa tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, mítà á kà á sí nǹkan bíi 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì á máa yí alternator, alternator á sì máa da iná sínú bátìrì. Nígbà náà, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mítà á ka láàárín 13.8 sí 14.5. Bó bá kọjá 15 tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Òjò ń rọ̀, omi ń ti orí páànù ṣàn wá, ẹ gbé àmù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Alternator ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹn. Bátìrì ni àmù. Regulator, ohun kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn alternator tàbí nínú rẹ̀, ni ọmọ tí ẹ ní kó dúró tì í, tó ń wo bí omi ti ga tó nínú àmù, tó ń dín ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kù tàbí kó fi kún un. Bí ẹnì kan bá wá gbé àmù kúrò lójijì nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi, ibo ni omi fẹ́ gbà? Inú ilé ni, lórí ẹní, lórí aṣọ, lórí ìwé àwọn ọmọ. Brain box, rédíò àti gílóòbù ni ẹní àti ìwé tí mò ń wí yìí.

Ohun tó sì máa ń gbé àmù kúrò jù nínú ọkọ̀ tó ń wọ oko ni hẹ́ẹ̀dì bátìrì tó tú. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí ọ̀dà lè fi hẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ díẹ̀ rìn fún ìgbà pípẹ́ kí ohunkóhun má ṣe é. Ọ̀nà abà wa kò gba irú ìyẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, bátìrì ń fò nínú àga rẹ̀ ni, hẹ́ẹ̀dì ń lọ́ lórí rẹ̀, òjé tí wọ́n fi ṣe orí bátìrì sì rọ̀, ó ń jẹ. Ihò hẹ́ẹ̀dì á máa gbòòrò. Mẹkáníìkì á wá ká páànù ìdérí wàrà, á kì í bọ̀ ọ́. Ẹ kì í gbọ́ kí wọ́n sọ fún yín.

Bí hẹ́ẹ̀dì bá wá ṣí kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, tí alternator sì ń da iná púpọ̀ wọlé, òòfà tó wà nínú alternator kò lè rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà. Iná tí kò rí bátìrì wọ̀ lè ru kọjá volt 80, ó tilẹ̀ lè tó 100, nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé 14 ló mọ̀. Kì í pẹ́, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn náà sì ti tó. Àwọn alternator tuntun kan ní ohun tí wọ́n fi sínú wọn tó ń gé irú iná bẹ́ẹ̀ sí nǹkan bíi volt 35. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí a bá ra láìbéèrè, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi lé kúrò nínú ọgbà gbogbo mẹkáníìkì tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí dírẹ́bà tẹ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá yọ hẹ́ẹ̀dì bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, wọ́n á ní, "Ó ń ṣájì." Ẹ̀yin ará, ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé àmù kúrò láti wò ó bóyá òjò ń rọ̀. Ní ayé àwọn Land Rover àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1948, dáínámò ni wọ́n ń lò, kò sì sí brain box nínú wọn. Bí iná bá ru nígbà náà, gílóòbù ló ń jó, a ó ra òmíràn. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ yẹn kọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn ní ohun tí àwọn náà mọ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yẹn ló di ọ̀gá lónìí, òun ló ń tún Hilux ṣe. N kò bú ẹnikẹ́ni. Mítà kékeré kan ń sọ ohun tí wọ́n ń wá láìsí pé a yọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní áàtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa wà gan-an. Kí wáyà má baà pọ̀ jù nínú ọkọ̀, àwọn tó ṣe é fi irin ara ọkọ̀ ṣe ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Iná á gba wáyà lọ sí gílóòbù, á gba ara irin padà wálé. Nítorí náà wáyà nípọn kan gbọ́dọ̀ so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, òmíràn tí wọ́n hun bí ìgbànú gbọ́dọ̀ so ara ọkọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí pé orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Àwọn wáyà yìí wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi odò ń dé. Wọ́n á dípẹtà, wọ́n á ṣe àwọ̀ ewé, fọ́nrán wọn á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn Land Rover àtijọ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Àìtó irin lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945 ló mú kí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara wọn, ṣùgbọ́n irin ni ṣáásì wọn. Ibi tí irin méjì tí kò jọra bá ti pàdé, tí omi sì wọ ibẹ̀, wọ́n á máa jẹ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú rẹ̀ ní oko, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má tíì ra gílóòbù. Ẹ yọ bóòtù áàtì, ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ dè é padà kó le, ẹ wá fi gíríìsì bò ó.

Bí áàtì ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, iná kò ní tìtorí ìyẹn jókòó. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé ni. Nígbà tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì, iná tí mótò ìyísẹ̀ ń fà lé ní ọgọ́rùn-ún áńpíà, àwọn wáyà tín-ín-rín tó ti ara brain box wá sí ẹ́ńjìnnì ni gbogbo rẹ̀ á máa fún ara rẹ̀ gbà. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé wọ́n dí afárá, tí gbogbo tírélà wá ń gba orí igi tí a fi dá odò kọjá. Ẹ kò tíì tan ọkọ̀ tán tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹni tó rí èyí fún wa ni rewáyà kẹrin, bàbá àgbàlagbà kan tí kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó dára. Kò tú ohunkóhun. Ó fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí dírẹ́bà yí i. Bí áàtì bá dára, mítà kò yẹ kó ka ju díẹ̀ lọ sókè òdo, kò yẹ kó tó 0.5 pàápàá. Tiwa ka ju 2 lọ. Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fa áàtì ẹ́ńjìnnì jáde. Fọ́nrán mélòó kan ló kù, ìyókù ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Bóòtù tó dè é, orí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ṣáásì ni wọ́n dè é mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì mú hẹ́ẹ̀dì bátìrì, ó yí i bí ẹni yí ìdérí ìgò. Ó yí. Ó gbé ojú sókè wò mí, n kò rí ohun tí mo lè sọ.

Bátìrì náà kò ní irin tó dè é mọ́ àga. Rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù ni wọ́n fi dè é, rọ́bà náà sì ti fà. Mo bi dírẹ́bà léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa. Ó ní, "Akọ̀wé, mo sọ o." Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Oṣù mẹ́ta kí ọkọ̀ tó kú lẹ́yìn Ìdànrè, ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ mi: dírẹ́bà béèrè owó fún irin ìdè bátìrì àti hẹ́ẹ̀dì tuntun méjì. A sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Mo yẹ ìpàdé tó tẹ̀ lé e wò, mo yẹ èyí tó tún tẹ̀ lé e wò. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ owó tí a fẹ́ ra àga fún gbọ̀ngàn ló gba gbogbo àkókò wa.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ná, nítorí kì í ṣe Hilux ẹgbẹ́ nìkan ló ń wọ oko.

Regulator náà máa ń bàjẹ́. Tó bá bàjẹ́ lọ́nà kan, kò ní í ṣájì mọ́, ẹ ó sì tètè mọ̀. Tó bá bàjẹ́ lọ́nà kejì, á ṣí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, iná á máa ga bí eré ẹ́ńjìnnì bá ti ga, 16, 17, 18. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà bíi ti hẹ́ẹ̀dì tó ṣí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa ọkọ̀, ó sì máa ń fi àmì hàn: omi bátìrì tó ń tètè gbẹ, bátìrì tó gbóná tó ń hó, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́, gílóòbù tó ń jó lóṣooṣù tí ẹ ń bú ẹni tó tà á fún yín. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, wáyà kékeré kan wà tí regulator fi ń wo bátìrì. Bí ẹrẹ̀ bá jẹ ẹnu wáyà yẹn, regulator á rò pé bátìrì kò tíì kún, á máa dà á sí i. Ọmọ tó dúró ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Irú èyí, ẹ lè pààrọ̀ alternator mẹ́ta, kò ní í lọ, torí pé ìdọ̀tí ẹnu wáyà kò bá alternator jáde.

Bátìrì tó ti gbó náà wà lára rẹ̀. Àmù tó fọ́ kò lè gba omi dúró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ọkọ̀ ní gbogbo àárọ̀ kó tó tan, tí ẹ ń sọ pé ó ń rìn náà, bátìrì yẹn kò lè bá yín gbá iná tó bá ru mú.

Àwa oníṣòwò la máa ń ṣe èyí tó kàn yìí. Bátìrì jíìpù kú lálẹ́, lọ́rì akógẹdú tàbí tírélà ń kọjá, ẹ dá a dúró, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi wáyà fún yín níná. Èèyàn rere ni, ó dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tírélà àti lọ́rì ńlá, bátìrì méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra wọn, volt 24 ni. Ọkọ̀ yín, 12 ni. Ìlọ́po méjì ohun tó mọ̀ ni ẹ fẹ́ dà sí i lára. Ẹ béèrè kí ẹ tó so wáyà. Bó bá jẹ́ 24, ẹ dúpẹ́, kí ẹ dúró de ọkọ̀ kékeré. Bó bá sì jẹ́ 12, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ ara irin, ẹ má yí i padà láéláé. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ní Land Rover ti bàbá yín pé títí di nǹkan bí 1967, pọ́sítíìfù ni wọ́n fi ń ṣe áàtì nínú wọn, nẹ́gẹ́tíìfù kọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba wáyà bíi ti ìyókù, kí ẹni tí kò mọ̀ má ṣe fọwọ́ kàn án.

Jórinjórin náà ńkọ́? Kárìà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ya, ẹ gbé e lọ kó jó o. Iná tó fi ń jó irin pọ̀ púpọ̀, ara ọkọ̀ yín ló sì ń gbà. Bó bá fi irin ìdìmú rẹ̀ gbá iwájú ọkọ̀ mú, tó wá ń jó irin lẹ́yìn, gbogbo ohun tó wà láàárín ni iná náà ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ hẹ́ẹ̀dì nẹ́gẹ́tíìfù, kó sì fi ìdìmú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jó gan-an. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lórí iná àfikún, n kò ní í pẹ́. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí iná mẹ́rin wà lórí búńpà, torí òkùnkùn abà kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n nínú relay, fèrè ọkọ̀ àti fáànù, wáyà kan wà tí wọ́n wé róbótó. Bí ẹ bá pa á, òòfà rẹ̀ á wó, á sì ta iná padà, ó lè lé ní volt 100 fún ìwọ̀n ìgbà tó kéré jù ìṣẹ́jú ojú lọ. Àwọn relay kan wà tí wọ́n ti fi ohun tó ń pa iná yẹn sínú wọn. Àwọn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, kí rewáyà má sì gé wáyà brain box láti fi fún iná àfikún níná. Láti bátìrì ni kó ti fà á, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀.

Níbi fíúsì yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé fíúsì ló ń dá iná tó ru dúró. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí iná tó ń gba wáyà bá pọ̀ ju agbára wáyà lọ ni fíúsì fi ń yọ́, kí wáyà má baà gbiná. Kí ó tó gbóná dé ibi tí yóò yọ́, iná tó ru sí 80 ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ. Ìyẹn kò wá sọ pé kí ẹ fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúsì o. Mo ti rí i nínú ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. N kò ní í dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀.

Eku náà ń jẹ wáyà bí ọkọ̀ bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń sá kòkó. Wáyà tó ń fi ara ha ṣáásì á bó, á máa kan irin, á máa fi í sílẹ̀, iná á máa lọ á máa bọ̀. Ẹ gbé ìbòrí ẹ́ńjìnnì sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wò ó.

Ó wá ku ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Áàtì tuntun, hẹ́ẹ̀dì méjì àti irin ìdè bátìrì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ bàbá rewáyà, kò tó owó tí a fi ra brain box kan ṣoṣo nínú mẹ́ta tó jó. Láti ọjọ́ tí ó ti parí iṣẹ́, ọkọ̀ ti lọ sí abà, ó ti bọ̀, kò sì kú sọ́nà. Dírẹ́bà kan náà ló ń wà á. Fóònù rẹ̀ náà ló ń ṣájì nínú rẹ̀, èmi fúnra mi rí i, fóònù kan kì í fa ohun tó lè pa ọkọ̀.

A ti yọ owó oṣù mẹ́ta nínú owó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé, àjẹṣẹ́kù tí kò fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà ló dá dúró láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò ronú kan ìdí tí kò fi wá mọ́.

Nítorí náà, mo ti kọ ọ́ sí ojú ìwé ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, nọ́ńbà kejì, lẹ́yìn àdúrà àti kíka àkọsílẹ̀ tó kọjá, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àìsí àkókò bíi ti ìjelòó: pé kí a dá owó náà padà fún un lódindi, kí lẹ́tà tí mo kọ sì kúrò nínú fáìlì rẹ̀. Ààrẹ ti gbà. Akápò ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn yín kí òun tó ṣí àpótí, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá, kí iye wa pé láti dìbò.

Ẹgbẹ́ ti ra mítà kan. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ló wà. Bàbá rewáyà ti gbà láti wá sí iwájú ilé ẹgbẹ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mọ́kànlá, kó bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ọkọ̀ yẹ bátìrì, áàtì àti alternator wò láìgba owó. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ mú ìwé ẹgbẹ́ yín dání, ẹ má sì fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó gbé e wá. Bàbá ní ibi tí ẹrẹ̀ bá wà gan-an ni òun fẹ́ rí.